Helena Rubinstein: Obìnrin Tí Ó Ta Ìrètí Ìgbà Èwe fún Ayé

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Bouaké lọ sí Languibonou, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ilẹ̀ àwọn Baule ni onítọ̀hún ń tẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti gbà pé kí ọmọ aráyé tó dé ayé, ó ti ní aya tàbí ọkọ ní ibi tí ó ti wá. Blolo ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe àjèjì sí àwa náà, nítorí ta ni nínú wa tí kò gbọ́ nípa ọkọ ọ̀run àti ẹgbẹ́ ọ̀run rí? Bí aya blolo bá ń da ọkùnrin kan láàmú, aláyẹ̀wò a ní kí ó lọ bá agbẹ́gilére kí ó gbẹ́ ère rẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá. Ère náà gbọ́dọ̀ lẹ́wà: irun rẹ̀ yóò jẹ́ dídì, ilà ara rẹ̀ yóò gún régé, awọ ara rẹ̀ yóò jọ̀lọ̀, yóò sì máa dán bí ti ẹni tí ó wà ní ọ̀sán gangan ayé rẹ̀. Baule kì í gbẹ́ aya blolo ní arúgbó tí ara rẹ̀ ti hunjọ.

Ní ayé ìjọba àwọn Faransé, ọ̀pọ̀ ère ilẹ̀ Baule ni ó kúrò ní ilé àwọn tí ó ni wọ́n tí ó sì dé ìlú Paris. Nínú àwọn tí ó ra irú ère bẹ́ẹ̀, tí ó tò wọ́n sí iyàrá ìgbàlejò rẹ̀ bí ẹni tí ń to ohun iyebíye, ni obìnrin kúkúrú kan wà tí ó jẹ́ pé ìpara ojú ni ó sọ ọ́ di olówó. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó fi sọ fún àwọn obìnrin pé ojú kò ní láti gbó. Helena Rubinstein ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ yẹ fún wa láti mọ̀, kì í ṣe nítorí ọrọ̀ rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe nítorí ìbéèrè tí ó fi sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ń ra ìpara lọ́jà lónìí: kí ni ìpara lè ṣe, kí sì ni kò lè ṣe?

Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ọdún 1872 ni a bí i ní Kazimierz, àdúgbò àwọn Júù ní ìlú Kraków, ní ilẹ̀ Pólàǹdì, èyí tí ó wà lábẹ́ ọba Austria nígbà náà. Chaja ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọbìnrin mẹ́jọ. Oníṣòwò kékeré tí ń ta epo àtùpà ni bàbá rẹ̀, ilé wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí já jẹ. A gbọ́ pé bàbá rẹ̀ fẹ́ fi í fún ọkùnrin kan tí kò wù ú, ni ọmọ náà bá ta kú. Ó kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Vienna. Nígbà tí ó di ọdún 1896, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di ilẹ̀ Ọsirélíà, ní òpin ayé, láìní owó lọ́wọ́, láìgbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó bí ó ti yẹ.

Coleraine, abúlé kan ní ẹkùn Victoria, ni ó balẹ̀ sí lọ́dọ̀ àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Ojú àwọn ìyàwó àwọn darandaran ti pọ́n, ó sì ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n rí i pé awọ ara ọmọbìnrin ará Pólàǹdì yìí tutù, ó sì ń dán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ohun tí ó ń fi para. Nínú ìbéèrè yìí ni ó ti rí ọ̀nà là. Ó lọ sí Melbourne, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní ilé ìjẹun, ó ń tọ́jú owó, ó sì ń po ìpara. Ní ọdún 1902, ó ṣí ilé ìtọ́jú ẹwà tirẹ̀ ní ìlú náà. Valaze ni ó sọ ìpara rẹ̀.

Ibí yìí ni òótọ́ àti irọ́ ti kọ́kọ́ wọ inú ìgò kan náà. Ó kéde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé dókítà ńlá kan ní Yúróòpù ni ó ṣe ìpara náà, àti pé ewé tó ṣọ̀wọ́n láti orí àwọn òkè Carpathia wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti wádìí ayé rẹ̀ rí i pé ọ̀rá tí a ń yọ lára irun àgùntàn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, irú ọ̀rá tí ó kún Coleraine fọ́fọ́ nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgùntàn tí ń jẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rá yìí ní òórùn burúkú, Helena sì fi òdòdó olóòórùn dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Kí á má ṣe ṣi í lóye: ìpara náà ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Ọ̀rá irun àgùntàn ń sé omi mọ́ inú awọ, gẹ́gẹ́ bí òrí ti ń ṣe fún wa nígbà ọyẹ́. Ara tí ó gbẹ yóò rọ̀. Ohun tí kò sí nínú ìgò náà ni ìgbà èwe tí ó ń polówó.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi dù ú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé oòrùn ni ọ̀tá awọ ara. Bí ó ti rí ojú àwọn ará Ọsirélíà ni ó fi mọ èyí, kì í ṣe láti inú ìwé. Ní ọdún 1905, ó lọ sí Yúróòpù láti bá àwọn oníṣègùn awọ ara sọ̀rọ̀, kí ó lè mọ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀. Kò gba ìwé ẹ̀rí kankan nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ aṣọ funfun àwọn onímọ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀ láàárín àwọn ìgò àti àwọn ẹ̀rọ. Ó pín awọ ara àwọn oníbàárà sí èyí tí ó gbẹ, èyí tí ó ní ọ̀rá àti èyí tí ó wà láàárín méjèèjì, ó sì ń ta ìpara tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Títí di òní, ọgbọ́n yẹn kò kúrò lójú ọjà.

Ní 1908, ó ṣí ilé ẹwà ní London, ó sì fẹ́ Edward Titus, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin méjì, Roy àti Horace, ni wọ́n bí. Ó ṣí ti Paris ní 1912. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀, ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣí ti New York ní 1915. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Elizabeth Arden, orogún rẹ̀ nínú òwò, bí a bá lè pe é ní ìpàdé, nítorí fún àádọ́ta ọdún tí àwọn méjèèjì fi ń du ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ìlú kan náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí.

Ìwà òwò rẹ̀ kò láfiwé. Ní 1928, ó ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn Lehman Brothers ní mílíọ̀nù 7.3 dọ́là. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, iye ìpín ìdókòwò já wálẹ̀ bí èso tí ẹ̀fúùfù gbọ̀n. Helena rọra ń ra ìpín náà padà ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì gba gbogbo ilé-iṣẹ́ rẹ̀ padà ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là. Ẹni tí ó ti ta àgbò rẹ̀ lówó gọbọi, tí ó tún ra á padà lówó ewúrẹ́, kò sí ẹni tí yóò pe onítọ̀hún ní ọ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó rẹ̀ kò ríbi jókòó nínú gbogbo èyí. Òun àti Titus tú ká, ó sì fẹ́ Artchil Gourielli, ọmọ aládé ará Georgia, ní 1938.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ère. Ní ìgbà tí ó wà ní London ni Jacob Epstein, agbẹ́re ńlá nì, là á lójú sí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà. Epstein fẹ́ra àwọn ère kan ní gbàǹjo ní Paris, kò sì lè lọ, ni ó bá bẹ Helena kí ó bá òun ra wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ àwọn ère yìí ti wọ obìnrin náà lára. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ṣì ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òrìṣà àwọn aláìmọ̀kan, ó ń fi owó gidi rà á. Ó ní ti Baule, ti Senufo, ti Fang, ti Kota, àti ti Bamana. Ní 1935, nígbà tí mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní New York ṣe àfihàn ńlá fún iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, ó wà nínú àwọn tí ó yá wọn ní ère. Èyí tí ó lókìkí jù nínú ohun ìní rẹ̀ ni ère obìnrin kan láti ilẹ̀ Bangwa ní Kamẹrúùnù, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Ayaba Bangwa. Aṣojú àwọn ará Jámánì kan ni ó gbé e kúrò ní ilẹ̀ náà ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì gba mùsíọ́mù Berlin kọjá kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Kí ni kí a sọ nípa èyí? Ó bu iyì fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa nígbà tí àwọn mìíràn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó yẹ kí a kí i fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó rà ère ni ayé ń dárúkọ. Orúkọ agbẹ́gilére ará Baule tí ó gbẹ́ ẹ kò sí lára rẹ̀, kò sì sí nínú ìwé gbàǹjo. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, síbẹ̀ àjèjì ni ó fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ilé baba wa fún wa.

Ọdún 1938 mú ohun mìíràn wá. Kí ó tó di ìgbà náà, òfin Amẹ́ríkà tí a ṣe ní 1906 kò fi ọwọ́ kan ohun ìṣaralóge rárá. Ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tí ó bá wù ú sí ara ìgò. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 1938, Ààrẹ Roosevelt fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge. Òfin náà là á yéni pé ohun tí a bá tà láti fi yí bí ara ti ń ṣiṣẹ́ padà, oògùn ni, ẹni tí ó ń tà á sì gbọ́dọ̀ dúró níwájú òfin bí ẹni tí ń ta oògùn. Láti ìgbà náà ni Rubinstein àti gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rìn lórí okùn tín-ín-rín: wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà gbà pé ìpara náà ń sọ ara di ọ̀tun, kí wọ́n má sì sọ ọ́ tààrà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí títí di òní nìyẹn. Bí ìpolówó kan bá ní ojú yóò rí bí ẹni pé ó jọ̀lọ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Rírí bí ẹni pé ó jọ̀lọ̀ yàtọ̀ sí jíjọ̀lọ̀.

Ohun tí Helena kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ dáadáa ní ìgbà èwe rẹ̀, ni ìdí tí awọ ara fi ń gbó. Bí a ti fi bíríkì mọ ilé, bẹ́ẹ̀ ni a fi sẹ́ẹ̀lì mọ ara. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ohun wẹ́wẹ́ kan wà tí Carl Benda, onímọ̀ ará Jámánì, sọ ní máítòkọ́ńdríà ní 1898. Ààrò ni wọ́n jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì. Nínú wọn ni oúnjẹ tí a jẹ àti afẹ́fẹ́ tí a mí símú ti ń pàdé, tí wọ́n sì ń di agbára. Ṣùgbọ́n kò sí ààrò tí kì í rú èéfín. Àwọn èròjà amúbàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ ń jáde láti inú iná náà, wọ́n sì ń ba ara ààrò jẹ́ bí èéfín ti ń ba àjà ilé ìdáná jẹ́.

Ní 1956, tí Rubinstein ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, Denham Harman ní Amẹ́ríkà gbé èrò kan jáde pé irú èròjà amúbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú ara gbó. Ní 1972, ó tọ́ka sí máítòkọ́ńdríà gẹ́gẹ́ bí orísun wọn. Àwọn onímọ̀ ti rí i lẹ́yìn ìgbà náà pé ọ̀rọ̀ ogbó ju ti èéfín nìkan lọ, ṣùgbọ́n ti awọ ara hàn kedere. Máítòkọ́ńdríà ní DNA tirẹ̀, èyí tí a ń jogún lọ́dọ̀ ìyá, ohun àjogúnbá mẹ́tàdínlógójì péré ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ìtànṣán oòrùn ń wọ inú awọ, ó ń gé DNA yìí sọnù. Nínú awọ tí oòrùn ti pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú àgésọnù bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti awọ tí aṣọ bò lọ. Nígbà tí ààrò bá bàjẹ́, agbára dínkù, èéfín pọ̀ sí i. Kọ́lájìn, okùn tí ó di awọ mú, a já, ojú a sì hunjọ. Ní 2012, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ àwòrán awakọ̀ akẹ́rù kan tí ó ti wakọ̀ fún ọdún 28. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tí ó kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ hunjọ bí ti arúgbó, èkejì kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1957 ni Frederick Crane ti rí èròjà Q10 nínú máítòkọ́ńdríà ọkàn màlúù. Ọwọ́ rẹ̀ ni iná ààrò náà ń gbà kọjá. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ Nivea fi í sínú ìpara ojú, láti ìgbà náà ni ọjà sì ti kún fún ìpara tí ń ṣe ìlérí pé yóò tún ààrò ara ṣe. Ìwádìí fi hàn pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń wọ inú awọ lókè lókè, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń dá ọjọ́ orí awọ padà kò lágbára tó ariwo ìpolówó rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára ni ohun tí Helena kọ́kọ́ sọ: ẹ yẹra fún oòrùn. Ní Ọsirélíà kan náà, ní ìlú Nambour, a pín àwọn ènìyàn tí ó lé ní 900 sí ọ̀nà. Àwọn kan ń fi ìpara ìdáàbòbò oòrùn para lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń lò ó bí ó bá ṣe wù wọ́n. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013: lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, a kò rí i kí awọ àwọn tí ń lò ó lójoojúmọ́ gbó sí i.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a jẹ́ adúláwọ̀. Àwọ̀ dúdú tí Elédùmarè fún wa, agboòrùn ni. Kì í dá gbogbo ìtànṣán dúró, ṣùgbọ́n ó ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró, ìdí nìyẹn tí ojú àwọn ìyá wa fi ń pẹ́ kí ó tó hunjọ. Ẹni tí ń bóra, tí ń fi hydroquinone tàbí mákúrì para, ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹni tí yóò já agboòrùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Mákúrì tún ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìjọba Côte d'Ivoire fi òfin de àwọn ìpara abóra ní 2015, síbẹ̀ wọn kò tán lọ́jà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n awọ ara tí ó ti bàjẹ́ kí òtítọ́ tó dé, ta ni yóò dá a padà?

Ogun àgbáyé kejì kó ìbànújẹ́ bá Helena. Àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilé rẹ̀ ní Paris, wọ́n sì bà á jẹ́. Wọ́n pa ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ nítorí pé Júù ni. Ní New York pàápàá, nígbà tí ó fẹ́ háyà ilé ní Park Avenue, a sọ fún un pé wọn kì í gba Júù síbẹ̀. Kò jà, kò sunkún. Ó ra gbogbo ilé náà pátá. Ní 1964, tí ó ti di ẹni ọdún 91, àwọn olè já wọ ilé yìí, wọ́n na ìbọn sí i lórí ibùsùn, wọ́n ní kí ó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wá. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní arúgbó ni òun, ikú kò ba òun lẹ́rù mọ́. Ohun tí wọ́n rí kó lọ kò tó nǹkan.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1965 ni ó kú, lẹ́ni ọdún 92. Jálẹ̀ ayé rẹ̀ ni ó ti ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ pamọ́. Obìnrin tí ó ta ìgbà èwe fún ayé náà gbó, ojú rẹ̀ hunjọ, ìpara rẹ̀ kò sì dá a sí. Ní ọdún 1966, wọ́n kó àwọn ère Áfíríkà rẹ̀ lọ sí gbàǹjo ní New York. Ayaba Bangwa lọ ní 29,000 dọ́là. Nígbà tí wọ́n tún tà á ní 1990, mílíọ̀nù 3.4 dọ́là ni owó rẹ̀, ó sì kọjá sí mùsíọ́mù Dapper ní Paris. Ní 2019, mùsíọ́mù Quai Branly ní ìlú kan náà ṣe àfihàn ńlá fún àwọn ère tí Màdáàmù ti kó jọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí, ẹ̀kọ́ méjì ni mo fẹ́ kí ẹ gbé wọ kíláàsì. Èkíní, ẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa, àti àwọn ọmọkùnrin náà, bí a ti ń ka ara ìgò: kí ni ó sọ, kí ni kò sọ, ẹ̀rí wo ni ó ní. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Awọ ara wọn ni ó ń dáàbò bò. Èkejì, ẹ mú wọn lọ wo iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére tí ó ṣẹ́kù láàárín wa kí àjèjì tó wá sọ fún wọn pé ó níye lórí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ agbẹ́gilére sílẹ̀.

Igi ni aya blolo tí ó wà nínú yàrá ọkùnrin Baule, òróró àti ọwọ́ olówó rẹ̀ ni ó ń mú awọ rẹ̀ dán, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ pé ẹran ara ni òun. Ẹran ara ni tiwa. Yóò gbó, bí ti Helena ti gbó. Kí á fi agboòrùn tí a bí mọ́ wa bo ara wa, kí á fi òrí pa á lásìkò ọyẹ́, kí á sì rántí pé ìwà lẹwà.